Ìjàkadì Lórí Fàdákà: Bí Ife Omi Kan Ṣe Tú Àṣírí Owó Gíríìkì Tí Mo Rà

Ọkùnrin méjì dojú kọ ara wọn. Ìhòòhò ni wọ́n wà. Wọ́n tẹ̀ síwájú, ọ̀kan ti di ọrùn ọwọ́ èkejì mú, èkejì náà ń wá apá rẹ̀ tí yóò gbá mú. Ẹni tó bá ti wo gídígbò rí ò ní kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún òun: wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara wọn, wọ́n ṣì ń wá ibi tí ọwọ́ máa gbà wọlé ni. Gbogbo èyí wà lórí fàdákà kékeré kan tó fi díẹ̀ tóbi ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ, tí wọ́n lù ní ìlú Aspendos ní ohun tó ju 2,300 ọdún lọ sẹ́yìn.

Inú ìwé kan ní ilé ìkàwé àdúgbò wa ní London ni mo ti kọ́kọ́ rí àwòrán rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé irin àti àpáta ni tèmi, èmi kì í ṣe òpìtàn. Ṣùgbọ́n ojú mi ò kúrò lára àwọn ọkùnrin méjì yẹn mọ́. Nígbà tí mo wá gbọ́ pé irú owó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nìkan, pé èèyàn lásán lè rà á, pé èyí tí ojú rẹ̀ ti fọ́ díẹ̀ kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan pọ́n-ùn lọ, ọ̀rọ̀ di ti ẹni tó rí ẹran níwájú ajá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìlú náà. Aspendos wà ní gúúsù ilẹ̀ Túrkì òde òní, nítòsí Antalya, létí odò tí àwọn ará àtijọ́ ń pè ní Eurymedon. Ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Kristi, abẹ́ ọba Páṣíà ni agbègbè yẹn wà, àmọ́ èdè Gíríìkì tiwọn ni wọ́n ń sọ, wọ́n sì ń lu owó tiwọn. Owó oníjàkadì yìí wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 11. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọkùnrin kan wà tó ń fi kànnàkànnà sọ òkò, àmì ẹsẹ̀ mẹ́ta tó so kọ́ra bíi kẹ̀kẹ́ sì wà níwájú rẹ̀. Orúkọ ìlú tí wọ́n kọ sí i kò tilẹ̀ jọ Aspendos, “Estwediiys” ni èèyàn máa kà níbẹ̀, nítorí pé bí àwọn onílé ṣe ń pè é nìyẹn. Àwọn onímọ̀ kan rò pé ẹ̀fẹ̀ ọ̀rọ̀ ni kànnàkànnà náà: “sphendone” ni Gíríìkì ń pè é, ẹ sì rí i pé ó súnmọ́ orúkọ ìlú.

Ìjàkadì tiwọn rọrùn láti lóye. Wọ́n á fi òróró pa ara, wọ́n á da eruku sí i. Ẹni tó bá dá ẹnì kejì rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta ló borí. Kò sí pé èyí sanra èyí tín-ínrín, gbogbo àgbà ọkùnrin ló ń bára wọn jà láìwo ìwọ̀n. Ìyẹn ló jẹ́ kí ẹni bíi Milo ará Kroton lè borí ní Olympia nígbà mẹ́fà.

Kì í ṣe Aspendos nìkan ló ya eré ìdárayá sórí owó o. Erékùṣù Kos lu owó fàdákà ńlá kan ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú Kristi. Ọkùnrin kan ló wà lórí rẹ̀ tó gbé dísíkọ́ọ̀sì sókè orí, tó fẹ́ jù ú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ìkòkò bàbà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wà, akàn sì wà ní ẹ̀yìn owó. Ìkòkò yẹn ló dùn mọ́ mi jù. Àwọn ìlú mẹ́fà kan ní agbègbè yẹn, Kos wà lára wọn, jọ ń ṣe ìdíje fún òrìṣà Apollo ní Triopion, irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀bùn. Òfin ni pé ẹni tó bá gbà á kò gbọdọ̀ gbé e lọ sílé, inú ilé òrìṣà ni yóò fi í sílẹ̀. Herodotus sọ pé ọkùnrin kan láti Halicarnassus, Agasicles lorúkọ rẹ̀, borí, ó gbé ìkòkò náà lọ sílé, ó fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri ilé rẹ̀. Àwọn ìlú márùn-ún tó kù bínú, wọ́n lé gbogbo ìlú Halicarnassus kúrò nínú ẹgbẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo! Ẹ má wulẹ̀ wá owó Kos yẹn láti rà, ó ṣọ̀wọ́n ju ojú lọ.

Ní Sísílì, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ràn. Owó Syracuse tó wúwo tó gíráàmù 17 gbé e síwájú, ẹni tó ń wà á di ìjánu mú, Nike, òrìṣà ìṣẹ́gun wọn, sì ń fò lókè láti dé wọn ládé. (Ẹ jọ̀ọ́, òrìṣà ló kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ yìí, àwọn oníbàtà ló yá a lò.) Gelon tó wá jọba Syracuse ti fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin borí ní Olympia ní 488 ṣáájú Kristi, Hieron àbúrò rẹ̀ náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 468. Kẹ́ ẹ sì wò ó dáadáa: ẹni tó wa kẹ̀kẹ́ kọ́ ni wọ́n ń pè ní olúborí, ẹni tó ni ẹṣin ni. Òun lè má sí níbẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí obìnrin kan, Cynisca ọmọ ọba Sparta, fi borí ní 396 àti 392, bẹ́ẹ̀ àwọn obìnrin ò gbọdọ̀ bá wọn díje. Nítorí náà, nígbà tí mo bá rí ọkùnrin tó wà lórí kẹ̀kẹ́ nínú owó Syracuse, mo máa ń rò ó pé ẹni tí ọrùn rẹ̀ lè ṣẹ́ nínú eré náà nìyí, ẹlòmíì ló gba ewé ólífì.

Ti Anaxilas tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Ó ń jọba ní Rhegion, ní ìmú ilẹ̀ Ítálì, ó sì tún gba Messana tó wà ní òdìkejì òkun tóóró yẹn. Ó fi kẹ̀kẹ́ tí ìbaaka ń fà borí ní Olympia. Eré ìbaaka ò pẹ́ níbẹ̀ rárá, ní 500 ni wọ́n mú un wọlé, wọ́n sì pa á rẹ́ ní 444. Anaxilas ò tijú, ó lu kẹ̀kẹ́ ìbaaka rẹ̀ sórí owó ìlú méjèèjì. Aristotle ròyìn pé nígbà tí wọ́n ní kí akéwì Simonides kọ ewì fún irú ìṣẹ́gun bẹ́ẹ̀, owó tí wọ́n kọ́kọ́ fi lọ̀ ọ́ kéré, ló bá ní òun ò lè máa ki ìbaaka. Wọ́n fi owó kún un. Ó yáa gba ẹ̀yìn yọ: ìyá ìbaaka, ẹṣin ni, ó sì kì wọ́n láti ìdí ìyá wọn. Kò mẹ́nu kan bàbá wọn, tó jẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Philip ọba Makedóníà náà, bàbá Alexander, lu ẹṣin rẹ̀ tó borí ní Olympia ní 356 sórí owó fàdákà. Ọmọdékùnrin kan ló jókòó sórí ẹṣin náà pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ lọ́wọ́. Ó yẹ ẹ́, orúkọ rẹ̀ gan-an túmọ̀ sí ẹni tó fẹ́ràn ẹṣin.

Ó dáa. Mo padà sọ́dọ̀ àwọn oníjàkadì mi.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí i. Ẹni tó ń tà á ya fọ́tò tó mọ́, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé gíráàmù 10.6, ó ní “láti ọwọ́ olùkójọ àtijọ́ kan”, kò dárúkọ ẹni náà, kò sí ọdún, kò sí ìwé. Mi ò béèrè. Mo san £240, owó tí mo ti ń tọ́jú láti bí oṣù márùn-ún. Ó dé nínú àpò lẹ́tà kékeré. Mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, inú mi dùn débi pé mo jí ìyàwó mi lójú oorun. Ó wò ó títí, ó ní, “Bàbá Tọ́lá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni?”

Mo fẹ́ dáhùn, ẹnu mi wọ́hò.

Ìbéèrè ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni mo kúkú máa ń fi ń dààmú ẹ̀yin náà níbí, ó wá kàn mí. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ò sì ná ni ní kọ́bọ̀. Fàdákà gidi wúwo ní ìlọ́po 10.5 ju omi tó gba ààyè kan náà lọ. Bàbà ò ju 9 lọ. Òjé jẹ́ 11.3. Àwọn Gíríìkì ìgbà yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ po fàdákà owó wọn pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn, nítorí náà owó ojúlówó yẹ kó wà láàárín 10.2 sí 10.5. Ará Syracuse kan náà, Archimedes, ni ìtàn sọ pé ó fi omi tú àṣírí adé wúrà tí alágbẹ̀dẹ ti po nǹkan mọ́ fún ọba. (Hieron tó ni adé yẹn kì í ṣe Hieron ẹlẹ́ṣin o, ó lé ní igba ọdún láàárín wọn.)

Bí mo ṣe ṣe é nìyí, ẹ lè gbìyànjú rẹ̀ nílé. Mo mú ìwọ̀n oní-bátìrì kékeré, irú èyí tí àwọn tó ń ta wúrà ń lò, tó ń ka dé ìdá ọgọ́rùn-ún gíráàmù. Mo wọn owó náà ní gbígbẹ: 10.62. Mo wá gbé ife omi sórí ìwọ̀n, mo tẹ̀ ẹ́ kó padà sí òdo. Mo fi òwú tín-ínrín so owó náà, mo sọ ọ́ kọ́ sínú omi, omi bò ó mọ́lẹ̀, àmọ́ kò kan ìsàlẹ̀ ife, kò sì kan ẹ̀gbẹ́. Iye tí ìwọ̀n bá kà nígbà yẹn kì í ṣe ìwọ̀n owó, òwú ló gbé ìyẹn dání. Ìwọ̀n omi tí owó náà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Ẹ kán ọṣẹ díẹ̀ sínú omi, kẹ́ ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá ìhó afẹ́fẹ́ tó bá lẹ̀ mọ́ owó kúrò, torí ìhó kan ṣoṣo lè ba ìṣirò jẹ́.

Ìwọ̀n kà 1.18.

Ẹ pín 10.62 sí 1.18. Mésàn-án géérégé. Mo tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, mo pààrọ̀ òwú, mo pààrọ̀ omi. Kò yí padà. Bàbà ni mo rà.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná, ọ̀rọ̀ ò tíì parí. Ayédèrú wà láyé àtijọ́ pẹ̀lú. Àwọn oníjìbìtì ìgbà náà máa ń fi ewé fàdákà wé bàbà, wọ́n á gbóná rẹ̀, wọ́n á lù ú bíi ti gidi. Àwọn olùkójọ máa ń wá irú rẹ̀, ohun àtijọ́ tòótọ́ ni òun náà. Ṣé ọgbọ́n arúmọjẹ 2,300 ọdún ni mo mú dání, àbí ti èṣí? Omi ò lè sọ ìyẹn fún mi. Kódà bí omi bá ní 10.4, kò tíì dá owó láre, torí kò sẹ́ni tó ní kí oníjìbìtì òde òní má ra fàdákà gidi. Omi lè dá a lẹ́bi, kò lè dá a láre.

Ojú ló kù. Owó Gíríìkì, lílù ni wọ́n ń lù ú. Wọ́n á gbẹ́ àwòrán sí irin òǹtẹ̀ méjì. Èyí tó ní oníjàkadì á wà nísàlẹ̀, èyí tó ní kànnàkànnà á wà lókè. Wọ́n á gbé ègé fàdákà tó ti gbóná sáàárín, òòlù á bà lé e. Fàdákà á sá láti àárín lọ sí etí, tí ẹ bá fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wò ó, ẹ máa rí ipasẹ̀ sísá yẹn bí ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Etí rẹ̀ máa ń sán nígbà mìíràn. Owó dídà yàtọ̀. Wọ́n tẹ ojúlówó mọ́ amọ̀ tàbí rọ́bà, wọ́n da irin yíyọ́ sí i. Ìlà sísá ò sí, ihò róbótó-róbótó wínníwínní ló máa wà níbi tí afẹ́fẹ́ há sí. Tèmi ní ihò. Ní etí rẹ̀ yí ká, mo rí ibi tí wọ́n ti fi áyùn pẹlẹbẹ rin ín, kí ojú ibi tí apá méjì ti pàdé má bàa hàn.

Ohun tó pa á pátápátá ni ìbejì rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn owó Aspendos tí wọ́n ti tà rí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún fọ́tò. Ní òru ọjọ́ kẹta mo rí i: etí sísán kan náà lẹ́bàá ẹsẹ̀ ẹni tó mú kànnàkànnà, ìhà tinú kan náà lórí itan oníjàkadì ọ̀tún, àwòrán náà sì yẹ̀ sí òsì lọ́nà kan náà. Owó méjì lè ti inú òǹtẹ̀ kan náà jáde, ìyẹn ò burú, bó ṣe yẹ kó rí ni. Ṣùgbọ́n òòlù ò lè ba fàdákà méjì lọ́nà kan náà láéláé. Bí àpá méjì bá bára mu, ọ̀kan ló bí èkejì, tàbí kí àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ láyé. Carl Wilhelm Becker, ará Jámánì tó kú ní 1830, ò tilẹ̀ da tirẹ̀ ní amọ̀. Ó gbẹ́ òǹtẹ̀ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ó lù wọ́n bíi Gíríìkì. Kí wọ́n lè gbó, wọ́n ní ó máa ń kó wọn sínú àpótí tó ní ọ̀rá àti ẹ̀rún irin, á so ó mọ́ abẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀, á máa gun ún káàkiri. Òǹtẹ̀ rẹ̀ wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Berlin títí dòní. Mo gbà fún ọkùnrin yẹn, ó ṣiṣẹ́ ju ẹni tó rẹ́ mi jẹ lọ.

Ẹni tó tà á fún mi ò dá mi lóhùn. Báǹkì ló bá mi gba owó náà padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Àmọ́ mo fẹ́ sọ òótọ́ fún yín. Lóru tí mo rí ìbejì yẹn, ìbínú kọ́ ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, ìtura ni. Torí pé nígbà tí mo ń ronú pé bóyá ojúlówó ni, ìbéèrè kejì ti ń jẹ mí lẹ́sẹ̀: ibo ni wọ́n ti hú u? Òfin ilẹ̀ Túrkì sọ pé ohun àtijọ́ tó bá jáde nílẹ̀, ti ìjọba ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó o jáde. Ní 1984, àwọn kan fi ẹ̀rọ tó ń wá irin hú owó fàdákà tó tó nǹkan bíi 1,900 nítòsí Elmalı, ní agbègbè Antalya kan náà. Wọ́n ta á ní dúdú, ọ̀pọ̀ rẹ̀ dé Amẹ́ríkà. Ẹjọ́ rẹ̀ pẹ́ gan-an kí èyí tó ju 1,600 lọ tó padà sílé ní 1999.

Owó nìkan kọ́ ló ń sọnù nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òǹtẹ̀ òkè tí òòlù ń bà tààrà máa ń tètè fọ́ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Nítorí náà òǹtẹ̀ oníjàkadì kan lè bá kànnàkànnà mẹ́ta mẹ́rin ṣiṣẹ́, ìsán ara rẹ̀ á sì máa pọ̀ sí i láti owó dé owó. Àwọn onímọ̀ máa ń fi ìsán yẹn tò wọ́n: èyí ṣáájú, èyí tẹ̀ lé e, lẹ́tà kéékèèké tó wà láàárín ẹsẹ̀ àwọn oníjàkadì á sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Bí wọ́n bá wá bá wọn pọ̀ nínú ìkòkò kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, wọ́n á mọ ọdún tí èyí tó kẹ́yìn jáde. Ẹni tó hú ìkòkò náà lóru, tó sì tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ti ya ìwé náà sí wẹ́wẹ́.

Èmi yìí ni mo sì máa ń dúró níwájú orí bàbà Ifẹ̀ tó wà ní British Museum, èyí tó wà lára àwọn tí wọ́n hú ní Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, tí mo máa ń mi orí, tí mo máa ń bi àwọn ọmọ mi pé kí ló ń ṣe níbí. Owó àwọn ará Aspendos wá dé, mi ò bèèrè ohunkóhun, mo sáà ń wá káàdì báǹkì mi.

Ó gbà mí ní ọdún kan àtààbọ̀ kí n tó rí òmíràn. Èyí ti fọ́ lójú gan-an: orí oníjàkadì òsì ti lọ, kànnàkànnà ò hàn mọ́ dáadáa, wọ́n sì ti fi nǹkan gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ láyé àtijọ́ láti mọ̀ bóyá fàdákà dé inú. Ṣùgbọ́n fọ́tò rẹ̀ wà nínú ìwé títà kan tí wọ́n tẹ̀ ní 1963, kí àdéhùn UNESCO ti 1970 tó wà. Mo fúnra mi lọ yá ìwé náà wò, mo gbé owó sí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò, mo ka ìgúnlé yẹn, mo ka bí etí rẹ̀ ṣe yí. Òun ni. Ìwé yẹn ò sọ ilẹ̀ tí wọ́n ti hú u, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n mọ́.

Ìyàwó mi ló bu omi sínú ife. Ó wúwo ní gbígbẹ ní gíráàmù 10.74. Mo ṣọ́ra, mi ò jẹ́ kó já bọ́, torí fàdákà tó ti pẹ́ nílẹ̀ lè gbó nínú, bàbà kékeré tó wà lára rẹ̀ á ti ya sọ́tọ̀ láàárín ègé fàdákà, tó bá já lulẹ̀ ó lè ṣẹ́ bíi bisikíìtì. Mo sọ ọ́ kọ́, mo gbá ìhó kúrò, a jọ tẹ̀ wo ojú ìwọ̀n náà.

1.03. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10.4 àti ààbọ̀ ìdá kan. Ayédèrú náà wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, a máa ń lò ó bí àwọn ọmọ àdúgbò bá wá kọ́ nípa bí a ṣe ń wọn nǹkan nínú omi. Tọ́lá ló máa ń so òwú.